Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ọ̀gbìn ní Ọ̀ṣun: Ẹ Wo Àpò Ajílẹ̀, Ẹ Wo Ìdí Dúrọ́ọ̀mù

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ọ̀gbìn,
Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Abẹ́rẹ́, Òṣogbo.

Kọmíṣọ́nnà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ò wọ́n lórí tábìlì yín, nítorí náà n ó tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Owó yòówù tí ìjọba bá fẹ́ ná lórí ọ̀pẹ, sóyà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lé katakata lórí. Inú àpò ajílẹ̀ àti ìdí dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń se ẹyìn ni agbára tí à ń ná sórí epo ń bá lọ jù, ibẹ̀ náà ni ìpalára ti ń bá ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Bí owó kò bá dé ibi méjèèjì yìí, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Alárobọ̀ epo ni mí, Ọjà-Ọba níbí ni mo ń jókòó sí. Mo ti ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn kí n tó di alárobọ̀. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bí mo ṣe bá ara mi nídìí kẹ́ẹ̀gì. Láti ìhà Ìjẹ̀ṣà dé ìhà Ifẹ̀, inú oko àti inú ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo ni mo ti ń ra ọjà, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ajílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Náítírójìn tó wà nínú yúríà, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fà á, ṣùgbọ́n kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Gáàsì tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ooru tó ga àti ìfúnpá tó le, kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di amóníà, kí amóníà tó di yúríà. Àwọn ará Jámánì méjì, Fritz Haber àti Carl Bosch, ló la ọ̀nà yẹn ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀nà náà ni gbogbo ayé ṣì ń tọ̀, títí kan ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2022. Àpò yúríà kan, 50 kílò, ní náítírójìn 23 kílò nínú. Bí a bá ṣírò agbára tí wọ́n ná kí kílò 23 yẹn tó dé inú àpò, kò dín sí agbára tó wà nínú 20 lítà dísù. Ọkọ̀ akẹ́rù kò tíì gbé e kúrò ní Èkó, ọ̀kadà kò tíì gbé e wọ oko.

Ẹ wá fi í wé katakata. Kí katakata tú hẹ́kítà kan, nǹkan bí 20 lítà dísù ló máa jẹ. Bí ilẹ̀ bá le, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Àpò yúríà kan ṣoṣo bá ìtúlẹ̀ odindi hẹ́kítà kan dọ́gba. Àgbẹ̀ tó bá da àpò mẹ́ta sórí hẹ́kítà ti ná ju katakata lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kò sì gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì kankan. Ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í sí i. Katakata dára fún fọ́tò, láti ayé ìjọba ológun títí di òní ni gómìnà ti ń gun orí rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ta ló ń ya àpò ajílẹ̀ ní fọ́tò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín in tán?

Èyí tí ojú kò rí rárá ló tún le jù. Bí ajílẹ̀ bá wọ ilẹ̀, díẹ̀ nínú náítírójìn náà máa ń padà sínú afẹ́fẹ́ ní ìrísí nitrous oxide. Nínú ìṣirò tí àjọ IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́, fi lélẹ̀, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kékeré kọ́ o, nítorí pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára nitrous oxide láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 273 ti carbon dioxide. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún àpò yúríà kan, ó sún mọ́ 100 kílò carbon dioxide, èéfín tó jáde nílé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń gbin rapeseed fún òróró jíjẹ àti fún dísù ọkọ̀, ajílẹ̀ náítírójìn ló ń kó ìpín tó tóbi jù nínú agbára tí wọ́n ń ná lóko. Ní 2008, Paul Crutzen, onímọ̀ kẹ́mísírì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síta pé nitrous oxide tó ń ti irú oko bẹ́ẹ̀ jáde lè jẹ gbogbo èrè tí wọ́n rò pé dísù irúgbìn ń mú wá, kó tún lé. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ẹni tó ní kò sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí àgbẹ̀ Ọ̀ṣun ju ajílẹ̀ nù. Àwọn ará Yúróòpù ń lò ó ní àlòjù, tiwa kò tó. Ilẹ̀ tó ti ṣá, tí kò rí nǹkan jẹ, àgbẹ̀ á fi í sílẹ̀, á lọ gé igbó mìíràn, ìpalára ìyẹn sì ju ti yúríà lọ. Ohun tí mò ń bínú sí ni pé àpò kan náà ni à ń pín fún gbogbo ènìyàn, bí ẹni pé gbogbo irúgbìn ló ń jẹ oúnjẹ kan náà.

Ẹ mú sóyà. Sóyà àti ẹ̀pà kì í bẹ̀ wá fún náítírójìn. Kòkòrò àìlèfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní rhizobium ń gbé nínú àwọn kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò wọn, òun ló ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún wọn, láìsí gáàsì, láìsí ilé iṣẹ́. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò náà ń ṣiṣẹ́, kó hú ìdí sóyà kan nígbà tó bá ń tanná, kó fi èékánná la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn tó wà nítòsí wa níbí, wọ́n ti ṣe irú sóyà tí wọ́n ń pè ní TGx, tó lè bá kòkòrò inú ilẹ̀ tiwa rẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe NoduMax, oògùn tí a fi ń po irúgbìn sóyà kí kòkòrò rere náà lè bá a wọlẹ̀. Fífi yúríà sí sóyà wá dà bí fífún ọmọ ní owó oúnjẹ lójoojúmọ́ kó má baà kọ́ṣẹ́: bí náítírójìn bá ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gbòǹgbò kì í ṣe wàhálà àtiyọ kókó mọ́. Ohun tí sóyà ń wá lọ́wọ́ wa ni phosphorus, èyí tó wà nínú ajílẹ̀ superphosphate. Àpò yẹn ni kí ẹ fún alágbẹ̀ sóyà, kí ẹ fi NoduMax tì í, kí ẹ gbé yúríà fún àgbàdo tó nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbin àgbàdo sí ibi tí sóyà wà léṣìí, tí wọn kò dáná sun pòròpórò rẹ̀, yúríà tí àgbàdo yẹn á fẹ́ yóò dín kù.

Ẹ̀gúsí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ìyá wa ti ń gbìn ín sáàárín iṣu àti ẹ̀gẹ́ tipẹ́. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni òróró, kò bèèrè katakata, ewé rẹ̀ á tẹ́ bo ilẹ̀ débi pé koríko ò ráyè, àgbàrá ò sì rí ilẹ̀ wọ́ lọ. Bí àgbẹ̀ bá fi ẹ̀gúsí bo ilẹ̀, apakóríko tó máa rà á dín kù, apakóríko náà ń ná agbára nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí ìjọba ti ka ẹ̀gúsí sí irúgbìn olóróró. Ọbẹ̀ nìkan ni wọ́n kà á sí.

Ó wá ku ọ̀pẹ, tí mo mọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun ń sọ pé ọ̀pẹ ló ń ba ayé jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátá, nítorí igbó tí wọ́n gé àti ilẹ̀ irà tí wọ́n dáná sun ní Indonéṣíà àti Màléṣíà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú epo pupa àgbáyé ti ń wá báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò náà láti ìhà kejì. Hẹ́kítà ọ̀pẹ tí wọ́n tọ́jú dáadáa ń mú epo tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin jáde lọ́dún. Ní ìpíndọ́gba àgbáyé, hẹ́kítà sóyà kò ju bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ, rapeseed àti sunflower náà kò pé tọ́ọ̀nù kan. Bí a bá fi sóyà rọ́pò ọ̀pẹ, ilẹ̀ tí a máa gé yóò di ìlọ́po mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ kọ́ ni ọ̀tá. Ibi tí a gbìn ín sí àti bí a ṣe ń ṣe epo rẹ̀ ni ẹjọ́.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo ti gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú ju bó ti yẹ lọ: a máa ń ní Màléṣíà wá gba èso ọ̀pẹ lọ́wọ́ Nàìjíríà ní ọdún bíi 1960. Ọ̀pẹ tí oko ńláńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, igi mẹ́rin ni, tí wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní 1848. Láti Áfíríkà ló ti wá lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an kí a tó gba òmìnira. Ohun tí wọ́n tún wá mú ní Áfíríkà lẹ́yìn náà ni kòkòrò. Kí ó tó di 1981, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa òdòdó akọ àti abo ọ̀pẹ pọ̀ kó lè so. Nígbà tí wọ́n gbé kòkòrò kékeré kan tó ń gbé nínú òdòdó ọ̀pẹ lọ láti Kamẹrúùnù, òun ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Kòkòrò yẹn wà nínú ọ̀pẹ tiwa níbí, kò gba owó oṣù. Bí a bá ń fún oògùn sórí ọ̀pẹ láìwo ibi tó ń ba sí, òun la máa kọ́kọ́ pa.)

Ìṣòro tiwa nìyí. Ọ̀pẹ tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú oko wa, èèpo tó bo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, ara tó ní epo tín-ínrín. Tenera, irú ọ̀pẹ tí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀, ń tà lẹ́bàá ìlú Benin, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní ọ̀pẹ àgíríìkì, èèpo tirẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún àgbẹ̀ ní ọ̀pẹ, ẹ rí i dájú pé láti orísun tó ṣeé fọkàn tán ni. Àwọn kan ń ṣa èso abẹ́ tenera hù, wọ́n ń tà á fún àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tenera. Kò rí bẹ́ẹ̀: nínú mẹ́rin irú rẹ̀, ọ̀kan á padà di dura, irú ọ̀pẹ tí èèpo rẹ̀ nípọn, ọ̀kan á di pisifera tí kì í sábà so èso rere. Ọ̀pẹ ń lo bí ọdún 25 lóko. Ajílẹ̀, ìroko àti ilẹ̀ fún ọdún 25 lórí igi tí kò ní so, ìyẹn gan-an ni ìfiṣòfò agbára, kò sì sí ẹni tó máa kọ ọ́ sínú ìròyìn kankan.

Wàyí o, ẹbu. Bí ẹ bá débẹ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, ẹ óò rí iná lẹ́ẹ̀mejì lórí epo kan náà. Wọ́n á se ẹyìn nínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná igi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ tó ń mu dísù tàbí bẹntiróò á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbé epo padà sórí iná kó lè dá ṣáká. Orí òkúta mẹ́ta tàbí kòtò gbayawu ni dúrọ́ọ̀mù náà sábà ń wà, apá tó pọ̀ jù nínú ooru náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ, èéfín sì ń lọ sí ojú àti àyà àwọn obìnrin tó ń rò ó. Igi tí wọ́n ń kó wá kì í tún ṣe igi gbígbẹ mọ́, igi tútù ni, nítorí gbígbẹ ti tán nítòsí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróò ní oṣù Karùn-ún 2023, àwọn ẹbu mìíràn ti padà sí odó àti ẹsẹ̀ títẹ̀ nítorí wọn kò lè bọ́ ẹ̀rọ mọ́.

Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì. Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà wà. Bí iná bá dákú káàkiri orílẹ̀-èdè, Òṣogbo ni wọ́n ń dárúkọ nínú ìròyìn. Ẹbu tí kò jìnnà sí wáyà ńláńlá yẹn ṣì ń fẹ́ iná igi.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí iná NEPA dé ẹbu. Ilé iṣẹ́ epo ńláńlá ní Éṣíà kì í ra ohun ìdáná púpọ̀. Ìhá àti èèpo líle ara èkùrọ́ ni wọ́n ń sun, òun ló ń mú omi hó, òun náà ló ń fún wọn ní iná mọ̀nàmọ́ná. Ẹbu wa ní ìhá, ó ní èèpo èkùrọ́. Èyí tó pọ̀ nínú èèpo náà ni alágbẹ̀dẹ ń rà lọ tàbí tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má baà pọ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ààrò. Ààrò tí a fi bíríkì mọ yí dúrọ́ọ̀mù ká, tó ní ẹnu kékeré tí à ń ti ìhá sí àti ihò èéfín tó ga, bíríkìlà àdúgbò lè mọ ọ́n. Owó katakata kan ṣoṣo á mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀ fún ẹbu tí kò ṣeé kà tán ní ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Omi ẹbu ńkọ́? Nílé iṣẹ́ ńlá, tọ́ọ̀nù epo kan ń bí omi ẹ̀gbin tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi náà ní ọ̀rá, ó gbóná, agbára rẹ̀ láti jẹ atẹ́gùn inú odò sì tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti omi ẹ̀gbin ilé. Bó bá wọ odò, ẹja á kú. Bó bá dúró nínú kòtò láìbò, yóò máa mú methane jáde, èyí tó ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25. Ní Màléṣíà, àwọn kan ti ń bo adágún wọn, wọ́n ń fi gáàsì náà dáná. Èyí lè ga jù fún wa báyìí. Kòtò tó jìnnà sí odò, tí omi á ti rọlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí oko, kò ga ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Gbogbo wa là ń sunkún lórí bí omi Ọ̀ṣun ṣe di ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù, ó sì yẹ ká sunkún. Ṣùgbọ́n odò kékeré tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, tí à ń da omi ẹbu sí lẹ́yìnkùlé wa, a kì í pe ìpàdé oníròyìn lé e lórí.

Ìdì ẹyìn tí a ti já tán náà, àwọn aṣọṣẹ dúdú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń sun ún, wọ́n ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ, nítorí potash tó wà nínú rẹ̀. Potash yìí náà ni à ń fi owó òyìnbó rà padà nínú ajílẹ̀ NPK. Ẹ jẹ́ kí ìdì tí aṣọṣẹ kò bá rà padà sí ìdí ọ̀pẹ, kí wọ́n má kàn sun ún dànù.

Igbó ni mo fi pamọ́ dé ìkẹyìn nítorí òun ló wúwo jù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀pẹ tuntun kankan má wọ Àgọ́-Òwu, Ṣáṣá tàbí igbó ọba mìíràn lórúkọ ìdókòwò. Ọ̀pẹ àtijọ́ tí kò so mọ́ pọ̀, oko kòkó tí a ti pa tì pọ̀; ibẹ̀ ni kí a tún gbìn. Ọ̀rọ̀ ajé náà ni. Òfin kan tí Yúróòpù ṣe ní 2023 kò ní gba epo pupa, sóyà tàbí kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020. Wọ́n ti sún ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyà jẹ arúfin síwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ààlà kò yí padà. Bí a bá gé igbó fún ọ̀pẹ lónìí, a lè máa ba ọjà kòkó Ìjẹ̀ṣà jẹ́ láìmọ̀.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé bọ̀tújẹ̀ tọ̀ yín wá pé òun fẹ́ fi ṣe dísù, ẹ rántí pé ariwo rẹ̀ gba gbogbo Áfíríkà ní bí ọdún 2007 sí 2010. Wọ́n ní á so lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Kò so.

Nínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, èló ni ẹ máa kọ sílẹ̀ fún ààrò ẹbu, èló fún kòtò omi ẹ̀gbin, èló fún NoduMax àti superphosphate, èló sì fún katakata? Iye mẹ́rin péré ni mò ń béèrè. Bí ẹ bá kọ wọ́n sára pátákó ìkéde ní Abẹ́rẹ́, èmi àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní Ọjà-Ọba á wá kà á.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Alárobọ̀ epo,
Ọjà-Ọba, Òṣogbo.